Ìbò mélòó ló pinnu ìdíje sí Ilé Aṣojú Amẹ́ríkà ní agbègbè keje ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 2018?

Ìbò 433 péré ni. Rob Woodall ti Republican ní 140,443, Carolyn Bourdeaux ti Democrat ní 140,010. Kí wọ́n tó tún ìbò kà, 419 ni àlàfo náà.

Gwinnett, ìjọba ìbílẹ̀ (county) kan ní agbègbè náà, ni kókó ọ̀rọ̀, torí èèyàn ń ya wọ ibẹ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Níbẹ̀, wọ́n ti ń da ìbò àfìwéránṣẹ́ nù nítorí pé olùdìbò gbàgbé láti kọ ọdún ìbí rẹ̀ sára àpò ìwé, tàbí ó ṣì í kọ. Ìyẹn ò dáa rárá! Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló pàṣẹ lóṣù kọkànlá pé kí wọ́n ka irú ìbò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, Woodall kò díje mọ́, Bourdeaux sì wọlé.