Òógùn ara yín ni kí ẹ ṣọ́ra fún lórí òkè

Ẹ kú ìrìnàjò, ẹ sì káàbọ̀ sí Sheffield. Ẹ ní àwọn tí ẹ fẹ́ máa bá gun òkè ní Peak District lóṣooṣù ní kí ẹ lọ ra aṣọ merino, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn tó fẹ́lẹ́ hun. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ rí i pé ẹ̀wù kan ṣoṣo ń lọ sí 70 pọ́n-ùn, ẹ wá ń béèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀, àti bóyá aṣọ òtútù lásán ni, tí ẹ máa kó pamọ́ nígbà ooru. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń rìn lórí àwọn òkè ilẹ̀ yìí. Ó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìbàdàn ni èmi náà ti wá. Òtútù tí mo mọ̀ kí n tó dé ibí ni ti ọyẹ́: láàárọ̀ èèyàn á wọ súwẹ́tà, ètè á gbẹ, ẹsẹ̀ á funfun, tó bá di ọ̀sán oòrùn á ti lé gbogbo rẹ̀ lọ. Mo rò pé bí aṣọ bá ti pọ̀ lára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gun Yr Wyddfa ní Wales, òkè tó ga ní mítà 1,085, oṣù kẹwàá ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ni mo wọ̀ sábẹ́, mo wọ súwẹ́tà òwú tó nípọn lé e, mo wá fi jákẹ́ẹ̀tì òjò olówó gọbọi bo gbogbo rẹ̀. Láti Llanberis lọ sókè, mo ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán ìnáwó. Ara mi gbóná, inú mi ń dùn.

Ìgbà tí a dé ṣóńṣó òkè náà tí a jókòó jẹun ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ń gbọ̀n rìrì. Ọwọ́ mi kò lè fa síìpù mọ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n mi wúwo lẹ́nu. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà láàárín wa ló wo ojú mi tó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ní kí n bọ́ gbogbo aṣọ tútù yẹn kúrò lójú ẹsẹ̀, nínú atẹ́gùn yẹn náà, ó sì fa ẹ̀wù irun àgùntàn pélébé kan yọ nínú báàgì rẹ̀ fún mi. Mo ṣì ń wò ó pé báwo ni ohun tó fẹ́lẹ́ báyìí ṣe máa gbà mí. A kò tíì sọ̀ dé ìdajì ọ̀nà tí ọwọ́ mi fi padà sípò.

Òjò kò rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Omi tó fẹ́ pa mí, ara mi ló ti jáde.

Òwú a máa mu òógùn, a sì máa dì í mọ́ awọ ara, atẹ́gùn kan péré ló kù kí òtútù tó wọ̀ yín lára. Irun àgùntàn náà ń mu omi, kódà ó lè gba oru omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù. Ṣùgbọ́n inú irun gan-an ni oru yẹn ń wọ̀ lọ, ojú tó kàn yín lára ṣì máa gbẹ. Bó ṣe ń gbà á ló sì ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi owó yín rà, èyí tó kan awọ ara. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lé e lè jẹ́ ti owó pọ́ọ́kú.

Èmi kò tètè mọ èyí. Ohun tí mo rà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni èyí tó nípọn jù nínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n kọ 250 sí lára. Nọ́ńbà yẹn ni ìwúwo aṣọ náà ní gíráàmù, fún mítà kan níbùú àti lóòró. Mo wọ̀ ọ́ gun òkè, mo tún làágùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí mò ń wọ̀ báyìí tọdún tọdún ni 150. Nígbà yìnyín, mo máa ń wọ̀ ọ́ sábẹ́, màá fi fílíìsì, aṣọ onírun rírọ̀ yẹn, lé e, jákẹ́ẹ̀tì á wà nínú báàgì títí atẹ́gùn á fi dé. Bí ẹ bá fẹ́ gbéra nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí òtútù mú yín díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ẹ ó ti móoru. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ti wọ aṣọ jù.

Ní ti ìgbà ooru, ẹ má kó o pamọ́ o. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí òógùn fò lọ, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ báàgì. Mo fi ẹ̀wù méjì péré rin West Highland Way, ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ kan ní Scotland, láti Milngavie dé Fort William, kìlómítà 154, ọjọ́ méje gbáko nínú oṣù kẹfà. Lálaalẹ́ ni mò ń sá èyí tí mo wọ̀ sójú afẹ́fẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì èmi á wọ ìkejì. N kò fọ ìkankan, mo sì jókòó láàárín èrò nínú ọkọ̀ ojú irin padà sílé láìsí pé òórùn kankan ń jáde lára mi. Ẹ̀wù pólísítà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ kan lọ kó tó máa rùn.

Ẹ ní irun àgùntàn máa ń yún yín lára. Súwẹ́tà iléèwé tí wọ́n ń wọ̀ fún wa ní kékeré ló fa ìbẹ̀rù yẹn fún èmi náà. Sísanra irun ló ń fà á. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì: micron ni wọ́n fi ń wọn sísanra irun, bí ẹ bá rí micron 18 tàbí 17, kò ní yún yín, torí pé irun orí èèyàn nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Níbẹ̀ náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ pé wọn kì í gé awọ ìdí àwọn àgùntàn náà láàyè kí eṣinṣin má bàa yé ẹyin síbẹ̀. New Zealand ti fòfin de ìyẹn láti ọdún 2018. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀, mo sì máa ń san owó díẹ̀ lé e nítorí rẹ̀.

Fífọ̀ rẹ̀ ni mo fi owó kọ́. Mo ju ẹ̀wù tuntun sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn ní 60°C, ohun tí mo yọ jáde kò gba ọmọ ọdún mẹ́fà. Omi 30°C, ibi tí wọ́n kọ “wool” sí lára ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹ, torí bí ẹ bá fi kọ́, omi á fà á gùn. Ẹ má lo ọṣẹ tí wọ́n kọ “bio” sí lára. Èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ àbàwọ́n ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ á jẹ irun àgùntàn náà, torí purotéènì ni gbogbo wọn. Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ líle kan sányán rẹ̀, mo wá mọ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún: kòkòrò ló pèsè òwú sányán, ẹran ọ̀sìn ló pèsè èyí, wọn kì í ṣe ohun ọ̀gbìn. Bákan náà, ẹ má kó èyí tó ní òógùn lára sínú àpótí. Ìdin àfòpiná jẹ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kan. Nísinsìnyí mò ń fọ̀ wọ́n, màá sì dì wọ́n sínú ọ̀rá.

Merino ní àléébù. Okùn báàgì máa ń jẹ èyí tó fẹ́lẹ́ léjìká, kì í tètè gbẹ bíi pólísítà, kò sì lè dí òjò. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kìlómítà márùn-ún kó padà sílé wẹ̀ kò nílò rẹ̀. Bí owó bá há, ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n fi náílọ̀n díẹ̀ lú kó má bàa tètè já, kí ẹ wá ra ẹ̀wù nígbà tí wọ́n bá ń ta ọjà ní ẹ̀dínwó lẹ́yìn Kérésìmesì.

Bí ẹ bá sì ti ní méjì, ẹ wọ ọ̀kan, kí ẹ fi èkejì sínú ọ̀rá ní ìsàlẹ̀ báàgì yín. Tèmi kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ ọ́ fún ẹlòmíì tó ń gbọ̀n, èkejì rẹ̀ sì jẹ́ lórí Kinder Scout, òkè tí ẹ máa gùn lóṣù tó ń bọ̀.