Ọkọ̀ mi ń jo ọ́ìlì lẹ́yìn sáfíìsì, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ọdún méjì ni mo ti ń ṣe sáfíìsì ọkọ̀ mi lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi, torí wọ́n ní tí mo bá gbé e lọ síbòmíràn, wáráńtì rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ láàárọ̀, mo gbà á nírọ̀lẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé àwọn pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀rọ amúlétutù, pé àwọn sì yí táyà iwájú sẹ́yìn. Mo sanwó, mo fọwọ́ síwèé. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí mo máa ń gbé ọkọ̀ sí. Òórùn tó ń jáde látinú amúlétutù kò sì lọ. Àbúrò mi ọkùnrin bá mi tú ibi tí fílítà náà wà: ó dúdú kirikiri, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ kòkòrò wà nínú rẹ̀. Mo pa dà lọ. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Màdáámù, bí ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.' Ó tún bi mí bóyá ọkọ mi lè pe òun. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé kí n jẹ́ kí òun máa bá mi gbé e lọ láti ìsinsìnyí lọ. Àbúrò mi ní kí n gbé wọn sórí Facebook. Fílítà náà ṣì wà nínú ọ̀rá ní búùtù ọkọ̀. Oorun ò kùn mí. Ṣé mò ń ṣàṣejù ni?" — Ọlọ́kọ̀ Tí Wọ́n Fi Rẹ́rìn-ín

Àbúrò mi, o ò ṣàṣejù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn dùn mí, mo sì máa dé ibẹ̀, àmọ́ ọ́ìlì tó ń jò ni ká kọ́kọ́ mú. Fílítà amúlétutù lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ò lè dúró.

Lálẹ́ òní, tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ náà, síbi tí ó ti ń kán. Tí ilẹ̀ bá mọ́, páálí á sọ̀rọ̀. Tí ohun tó kán síbẹ̀ bá dúdú tàbí tó rí bí oyin, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, osùn tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, tó sì ń ṣe bí omi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi rédíétọ̀. Tó bá jẹ́ omi lásán tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn, amúlétutù ló ń sun bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó torí omi amúlétutù lọ bá mẹkáníìkì jà, ojú tì í gan-an.

Kí o tó tan ọkọ̀ náà láàárọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fa gééjì ọ́ìlì jáde, fi àkísà nù ún, tì í wọlé dé ìdí, kí o tún fà á jáde. Wàá rí àmì méjì lára rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá àmì ìsàlẹ̀, má tan ọkọ̀ yẹn rárá. Àwọn tó ṣe é ni kó wá gbé e. Tó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà ni iná pupa tó rí bí kẹ́tùrù kékeré ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Iná yẹn kì í ṣe iná tí èèyàn ń wà délé. Irin tó ń yí lórí irin láìsí ọ́ìlì láàárín wọn kì í pẹ́ tó fi ń jẹ ara wọn.

Ohun méjì ló sábà máa ń fa kí ọ́ìlì máa jò lẹ́yìn sáfíìsì, kékeré sì ni méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni bóòtù abẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n máa ń tú kí ògbólógbòó ọ́ìlì lè ṣàn dà nù. Wọ́ṣà pẹlẹbẹ kan máa ń wà nídìí rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Àwọn kan á dá ògbólógbòó pa dà, àwọn kan ò tilẹ̀ ní í dè é dáadáa. Èkejì ni rọ́bà fílítà ọ́ìlì. Tí wọ́n bá yọ fílítà tó ti gbó, rọ́bà rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń kánjú ò ní í wò ó, á gbé tuntun lé e lórí, rọ́bà á wá di méjì. Ó lè má jò lọ́jọ́ kìíní, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Kò gba ọgbọ́n ńlá láti tún èyíkéyìí ṣe nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín ọmọ yẹn fi bí mi nínú: ohun tó yẹ kó sá lọ wò lábẹ́ ọkọ̀ ló dúró tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Má tíì lọ bá wọn o. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ ná.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ àwọn tó ṣe sáfíìsì rẹ̀, n kò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbọ́ gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n níwájú lápá òsì. Mo ní títì ni kò dáa. Ìró náà ń yára bí mo ṣe ń yára. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan táyà: nọ́ọ̀tì méjì ló yí lọ́wọ́ mi bí ìdérí ìgò. Ọwọ́ mi lásán, láìsí sípánà! Ara mi gbọ̀n. Mo rọra wà á pa dà sọ́dọ̀ wọn (èyí náà ò bọ́gbọ́n mu, ó yẹ kí n pè wọ́n wá bá mi níbẹ̀ ni), mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹnu géètì. Gbogbo ènìyàn ló ń wò mí. Bí mo ṣe ń pariwo, ọmọ iṣẹ́ kan ti tẹ̀ sábẹ́ táyà, ó dè é. Nígbà tí ọ̀gá wọn jáde, nọ́ọ̀tì ti le dan-in. Ó ní kí n fi èyí tó yọ han òun. Kí ni mo fẹ́ fi hàn? N kò ya àwòrán kankan. Wọ́n fún mi lómi tútù, wọ́n bẹ̀ mí bí ẹni ń bẹ ọmọdé tó ń sunkún, mo sì gbé ọkọ̀ mi lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò ríran.

Torí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn títí ìwọ fi ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ya àwòrán páálí náà. Ya àwòrán gééjì ọ́ìlì. Ya àwòrán iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, torí òun ló máa fi hàn pé o ò tíì rìn jìnnà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ya àwòrán ìwé tí wọ́n fún ọ, ojú rẹ̀ méjèèjì, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti kọ fílítà amúlétutù sí. Fílítà tó wà nínú ọ̀rá yẹn, Ọlọ́run ló ní kí o tọ́jú ẹ̀. Ya àwòrán òun náà, pẹ̀lú ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ ọ́ìlì nìkan ni kí o má gbára lé: tí ẹ́ńjìnnì rẹ bá jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì, ọ́ìlì tuntun máa ń dúdú kíá.

Tó bá ṣeé ṣe, ní kí mẹkáníìkì mìíràn tí kò bá wọn tan gbé ọkọ̀ náà sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Wíwò ni o, kó má tún un ṣe. Tó bá ti fi sípánà kàn án, wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́.

Lẹ́yìn náà, má pa dà sídìí káńtà. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka àtúnṣe, nípa íméèlì, kó lè ní ọjọ́ àti wákàtí lórí. Má ṣe é gùn, má sì bú ẹnikẹ́ni. Irú èyí ti tó:

"Mo gbé ọkọ̀ mi wá fún sáfíìsì lọ́jọ́ báyìí, nígbà tó ti rin kìlómítà báyìí. Ìwé yín sọ pé ẹ pààrọ̀ fílítà amúlétutù. Àwòrán èyí tí mo bá níbẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ náà ti ń jo ọ́ìlì láti ọjọ́ kẹta. Àwòrán rẹ̀ náà nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi, kí ẹ tún un ṣe láìgba owó lọ́wọ́ mi, kí ẹ dá owó fílítà tí ẹ kò pààrọ̀ pa dà, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ fún mi. Mò ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ méje."

Wo "lójú mi" yẹn dáadáa. Wọ́n lè sọ pé oníbàárà kì í wọ ibi iṣẹ́ nítorí ewu, òótọ́ sì ni; kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè, kí ọ̀gá wọn mú ọ wọlé fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí wọ́n bá tún un ṣe, ní kí wọ́n yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò pẹ̀lú sípánà tó ń wọn bí ìdè ṣe le tó, torí wọ́n ní àwọ́n yí táyà. Tìrẹ náà ni láti jẹ́ kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100. Èmi ti kọ́gbọ́n.

Tí ọjọ́ méje bá kọjá láìsí èsì, gòkè lọ. Kọ sí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà sí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an. Àwọn yẹn kì í fẹ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́ nítorí bóòtù kan. Fi nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ (VIN) ránṣẹ́, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà lára. Òun ni wọ́n á fi dá ọkọ̀ rẹ mọ̀. Tí àwọn náà ò bá dáhùn, ó wá kan àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní orílẹ̀-èdè rẹ.

Ti Facebook ńkọ́? Àbúrò rẹ fẹ́ràn rẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá ti gbé e síta, o ti lo ọfà tó kẹ́yìn nìyẹn, kò sì sí ohun tí wọ́n tún ń bẹ̀rù. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lórí ìwé. Ọjọ́ tí o bá máa kọ ọ́, ohun tí àwòrán rẹ fi hàn nìkan ni kí o sọ. Má kọ "olè". O lè fi hàn pé fílítà kò yí pa dà. O ò lè fi hàn pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ jí owó rẹ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ kan ló gbàgbé. Níbi púpọ̀, iye wákàtí tí wọ́n kọ mọ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún mẹkáníìkì, kì í ṣe iye tó lò nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá yára ṣe é ló ń jèrè, ohun tí ojú kì í tètè rí ni wọ́n sì máa ń fò. Fílítà amúlétutù sì rèé, inú ìkọ̀kọ̀ ló fara pamọ́ sí. Mi ò fi ìyẹn gbè wọ́n o. Àgbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ wá kù. Kò fẹ́ ibi fún ọ, ó kàn fẹ́ kí ariwo tán ni. Ṣùgbọ́n tí òun bá ń gbé ọkọ̀ náà lọ láti ìsinsìnyí, ọmọkùnrin nídìí káńtà ti borí nìyẹn, ìwọ náà á sì máa bẹ̀rù ọkọ̀ ara rẹ. Sọ fún un pé kó tẹ̀ lé ọ lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bí ẹlẹ́rìí. Tí wọ́n bá kọjú sí i pẹ̀lú àlàyé, kó ní, "Ẹ bá ìyàwó mi sọ ọ́, òun ló ni ọkọ̀." Gbólóhùn kan péré. Tí o bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á sọ ọ́.

Ti wáráńtì tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́, lọ ka ìwé rẹ̀ fúnra rẹ. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 ni òfin ti wà tí kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ sọ pé wáráńtì bàjẹ́ kìkì torí pé ibòmíràn ni o ti ṣe sáfíìsì. Wo ohun tí òfin ìlú tìrẹ sọ. Níbikíbi tí o bá gbé e lọ, tọ́jú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ irú ọ́ìlì tí wọ́n lò síbẹ̀, kó bá èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ mu.

Tí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, tí wọ́n sì tọrọ àforíjì, mi ò ní kí o fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ sáfíìsì tó ń bọ̀, kí o tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì kékeré sínú táyà iwájú kan, kí o lè mọ̀ bóyá wọ́n yí i sẹ́yìn lóòótọ́, kí o sì sọ fún wọn láàárọ̀ pé o máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ kúrò lára ọkọ̀ rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́. Láàárọ̀ ni o, kì í ṣe nírọ̀lẹ́ tí wọ́n á ní àwọ́n ti dà á nù.

Fílítà inú búùtù yẹn, kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, kí o gbé e kúrò nínú ọkọ̀ lónìí. O ò ní í fi ẹ̀rí rẹ sínú ohun tí o máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.