Béékìn Aládùn Aláta fún Àlejò: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa ìpanu tí a lè gbé síwájú àlejò ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ohun kan ṣoṣo, ìyẹn béékìn tí wọ́n fi ṣúgà àti ata ra lára, tí wọ́n sì yan nínú ófùn títí tó fi ń ró kàù-kàù lẹ́nu. Oúnjẹ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ibi iṣẹ́ àti ilé aládùúgbò sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, béékìn ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́, tí wọ́n sábà máa ń fi èéfín sí, tí wọ́n wá rẹ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Mo mú lẹ́tà márùn-ún jáde, nítorí pé ìdáhùn wọn kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Houston ni mò ń gbé. Níbi ìkórajọ ìparí ọdún níbi iṣẹ́ wa, obìnrin kan gbé béékìn aládùn wá, kí n tó bu jọ̀lọ́ọ̀fù tèmi tán, àwo rẹ̀ ti ṣófo. Mo bi í bó ṣe ṣe é, ó ní kò ju béékìn, ṣúgà pupa àti ata gígún lọ. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ jó, ó korò bí ewúro. Ti ẹ̀ẹ̀kejì jinná lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo fi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn, ó ti rọ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹgbẹ́ obìnrin ìlú wa yóò ṣèpàdé nílé mi lóṣù tó ń bọ̀, èèyàn bí 30 ni mò ń retí. Kí ni mo ṣe tí kò dára, báwo ni mo sì ṣe máa díwọ̀n rẹ̀?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹni tó kọ́ yín kò parọ́, àmọ́ kò sọ ìgbà tó yẹ kí ṣúgà kan ẹran fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Béékìn àti ṣúgà kì í jinná pọ̀. Béékìn kún fún ọ̀rá àti omi, ó sì máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá náà tó yọ́ kúrò lára rẹ̀. Ṣúgà ní tirẹ̀, bó bá ti yọ́ tí iná sì mú, kì í pẹ́ rárá tó fi ń kúrò ní dídùn bọ́ sí kíkorò. Ẹni tó bá da ṣúgà lé béékìn tútù, tó wá tan ófùn dé 400 lórí ìwọ̀n Fahrenheit bí a ti ń ṣe fún béékìn oúnjẹ àárọ̀, ṣúgà rẹ̀ yóò ti di èédú kí ẹran tó gan. Mo gbà pé ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́ yín nìyẹn.

Fún èèyàn 30, ẹ ra pọ́ún 3 béékìn tó nípọn. Pọ́ún kan irú èyí sábà máa ń ní nǹkan bí ègé 12, bí ẹ bá sì gé ègé kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ ó ní bíi 70, tí yóò kárí wọn ní méjì-méjì, tí díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù. Fún pọ́ún kọ̀ọ̀kan, ẹ po ààbọ̀ ife ṣúgà pupa, ìyẹn bíi gíráàmù 100, mọ́ ààbọ̀ ṣíbí kékeré ata gígún. Ẹ má fi iyọ̀ kankan sí i, torí iyọ̀ ti wà nínú béékìn láti ilé iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ata gígún tí wọ́n bá yín gbé wá láti ilé lẹ fẹ́ lò, ẹ dín in kù sí ìdajì ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ata wa máa ń ta ju èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò níbẹ̀ lọ.

Ẹ tan ófùn dé 350. Ẹ tẹ́ fọ́ìlì sínú tìréè tó ní etí, kí ẹ gbé irin oníhò tí a fi ń yan ẹran lé e lórí kí ọ̀rá lè máa kán sísàlẹ̀. Ẹ to béékìn sórí irin náà láìjẹ́ kí ègé kan gorí èkejì. Kó kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú 15 láìsí ṣúgà rárá. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ọ̀rá yóò máa dán lára rẹ̀, etí rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa tẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọ́n ìdajì ṣúgà aláta náà sí i lójú, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 10, ẹ yí i, ẹ wọ́n ìyókù sí òdìkejì, kó tún lo ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ní àkókò ìkẹyìn yìí, ẹ má ṣe kúrò nídìí ófùn, ìpè fóònù ìbáà wọlé. Ìfófò orí ṣúgà ni kí ẹ máa wò. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń tóbi, ó sì ń bẹ́ kíákíá. Bó bá ti ń jinná, á kéré, á ki, á máa rọra yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ á sì dà bí oyin ìgàn. Bí ẹ bá ti rí àwọ̀ yẹn, ẹ gbé e jáde, bó tilẹ̀ ṣì rọ̀.

Rírọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín, torí ìgbà tí ṣúgà bá tutù ló ń le. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí irin náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣúgà yíyọ́ gbóná ju omi híhó lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara. Ọmọ àbúrò mi kan ti na ọwọ́ mú ọ̀kan nídìí ófùn mi rí, awọ ìka rẹ̀ bó, láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí ọmọdé wọ ilé ìdáná nígbà tí mo bá ń ṣe é.

Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì tó rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ṣé inú kúlà lẹ kó o sí? Bí oúnjẹ bá ti kúrò lórí iná, kúlà ló kàn lọ́dọ̀ wa, a ó sì dé e pa kó má bàa tutù. Ìrẹsì fẹ́ bẹ́ẹ̀, móínmóín náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Béékìn yìí kò fẹ́ ẹ, torí ooru tó há sábẹ́ ìdérí yóò di omi, omi yóò kán sórí ṣúgà, ṣúgà yóò sì tún yọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó tò ó sínú ike tó fẹ̀, kí ẹ sì fi bébà tí àwọn aláṣe búrẹ́dì ń tẹ́ sí tìréè sáàárín ìpele kan àti èkejì. Ẹ má ṣe lo bébà ìnuwọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ìkómọjáde kan, mo gbé e lé bébà ìnuwọ́ bí a ti ń gbé àkàrà lé e kó lè fa epo. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, bébà àti ṣúgà ti di ọ̀kan náà. Mo mú ọ̀bẹ, mo ń ṣa bébà kúrò lára ègé kọ̀ọ̀kan, nígbẹ̀yìn mo da ohun tó ju ìdajì lọ nù.

Ọ̀rá tó bá kù nínú fọ́ìlì kò gbọdọ̀ wọ ihò omi ìfọbọ́, torí yóò dì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ ká a mọ́ fọ́ìlì, kí ẹ sọ ọ́ nù.

Ìbéèrè: Mà, ìlú London ni mo wà. Béékìn tí mo rà fẹ̀, ẹran pọ̀ lára rẹ̀ ju ọ̀rá lọ, kò sì gan rárá. Omi funfun kan tún ń sun lára rẹ̀. Ófùn tiwa náà kì í ṣe ti Fahrenheit.

Ìdáhùn: Ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ lẹ rà, èyí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní back bacon, tí wọ́n fẹ́ràn láti fi sáàárín búrẹ́dì. Ti ikùn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ọ̀rá inú rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó gan. Ní ilé ìtajà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ streaky sí lára, kí ẹ sì mú èyí tí wọ́n ti fi èéfín sí, torí òórùn èéfín náà bá ṣúgà mu gan-an. Omi funfun tí ẹ rí ni omi iyọ̀ tí wọ́n fà sínú ẹran náà, pẹ̀lú èròjà ara ẹran tó bá a jáde. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kí ṣúgà tètè dé ibẹ̀. Bí owó bá gbà, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ dry cured sí. Iyọ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi ra á lára, kì í sì í sun omi bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n 350 tiwọn jẹ́ 180 lórí ìwọ̀n Celsius, tàbí 160 bí ófùn yín bá ní fáànù, tàbí Gas Mark 4. Streaky ti ọ̀dọ̀ yín sábà máa ń fẹ́lẹ́, nítorí náà, ìṣẹ́jú 8 ti tó láìsí ṣúgà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti bọ́ sí i.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. A bí ọmọkùnrin ní Maryland, ìyàwó mi sì fẹ́ ṣe béékìn yìí fún ìsọmọlórúkọ. Mùsùlùmí ni bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ sì ni ìyá ìyàwó mi. Ṣé bí a bá kọ ọ́ síwájú àwo pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, kò tíì tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run yóò wò ó. Kò tó, gẹ́gẹ́ bí èmi ti rí i. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá náà sì ka ẹran ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ wọn. Níbi ìsọmọlórúkọ, èèyàn ń gba àwo lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọdé ń bu oúnjẹ fún àgbàlagbà, ẹnìkan á fi ẹ̀mú tó wà nínú àwo yìí mú ti àwo kejì. Ta ni yóò dúró ka bébà? Bàbá tó bá ti jẹ ẹ́ tán kí ó tó mọ̀, ẹ̀bẹ̀ kò lè mú un kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ ayọ̀ yín ni yóò sì fi máa rántí rẹ̀.

Ẹ mú ẹlẹ́dẹ̀ kúrò pátápátá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń fi tòlótòló ṣe béékìn, wọ́n sì ń fi màlúù ṣe é. Ẹ wá èyí tó ní àmì hàlálì, torí pé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kò tíì sọ ọ́ di hàlálì. Ti màlúù ló sún mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ jù ní gígan. Ti tòlótòló kò lọ́ràá púpọ̀, nítorí náà ẹ fi òróró díẹ̀ ra á lára, kó lo ìṣẹ́jú 8 láìsí ṣúgà, kí ẹ fi ṣúgà aláta sí i, kó tún lo ìṣẹ́jú 8 tàbí díẹ̀ sí i. Bí irin àti tìréè ilé yín bá ti gbé ẹlẹ́dẹ̀ rí, ẹ ra tuntun fún ti ọjọ́ náà, kí ọkàn yín lè balẹ̀ bí ẹ bá ń gbé e fún bàbá yín.

Ìbéèrè: Ìbàdàn ni mo wà, Mà. Béékìn wọ́n, iná kì í sì í dúró tó ohun tí n ó fi lo ófùn. Ṣé mo lè fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ọjà ṣe é nínú ìkòkò oníyanrìn tí mo fi ń yan kéèkì?

Ìdáhùn: Ẹran tútù ọjà kì í ṣe béékìn, torí kò tíì mu iyọ̀, bí ẹ bá fi ṣúgà ra á lára, ẹ ó rí ẹran aládùn jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Ìkòkò oníyanrìn dára fún kéèkì, àmọ́ ooru rẹ̀ há mọ́ abẹ́ ìdérí, ẹ kò sì ní rí ṣúgà náà bó ṣe ń pọ́n. Bí ẹ bá rí páàkì béékìn kan rà, páànù ìdín ni kí ẹ lò. Ẹ fi iná kékeré dín in títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gan, ẹ da ọ̀rá rẹ̀ nù, ẹ wá da ṣúgà, ata àti ṣíbí omi kan sí i. Ẹ máa yí i títí omi náà yóò fi gbẹ tí ṣúgà yóò sì máa fà bí oyin, kí ẹ tò ó sórí bébà tí ẹ fi òróró pa.

Ìbéèrè: Mo ní ọmọ ọwọ́, Mà, n kò lè dúró ti ófùn bí ẹ ti wí yẹn. Ǹjẹ́ mo lè ṣe é sílẹ̀ di ọjọ́ kejì? Ọkọ mi sì ní kí n fi yajì sí i dípò ata gígún. Atlanta ni a wà.

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é sílẹ̀. Bó bá ti tutù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, lọ́jọ́ kejì kí ẹ tò ó sórí irin nínú ófùn tó wà ní 300 lórí ìwọ̀n Fahrenheit fún ìṣẹ́jú 5, kó sì tún tutù kó lè padà le. Lórí tábìlì, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ, bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni àríyá náà nínú oòrùn tó kọjá 90, wákàtí 1 péré.

Yajì dùn lára rẹ̀ gan-an, ọkọ yín mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà sì máa ń jó kí ṣúgà tó pọ́n, nítorí náà ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni kí ẹ tó wọ́n ọn, kí ẹ sì sọ fún àlejò pé ẹ̀pà wà níbẹ̀, torí àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè ṣe ní ìjàǹbá.

Fún ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń lò, tó rọ̀ mí lọ́rùn gan-an. Wọ́n máa ń mú bisikíìtì oníyọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní cracker, wọ́n á bu ṣúgà pupa kún ṣíbí kékeré kan lé e lójú, wọ́n á fi ààbọ̀ ègé béékìn tó fẹ́lẹ́ wé e yíká, wọ́n á sì tò ó sórí irin oníhò. Ófùn á wà ní 250 péré, á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 2. Iná náà kéré débi pé ṣúgà kò lè tètè jó, ọ̀rá béékìn á sì máa rọra wọ inú bisikíìtì náà. Ẹ fi ata gígún bíńtín sínú ṣúgà náà, ẹ fún ọmọ lọ́mú, ẹ wẹ̀ fún un, ẹ tẹ́ ẹ sùn, kí ẹ tó padà wá gbé tìréè yín jáde.