Èsì: Atẹ́gùn ló ń jí òjò yín

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ike tí ẹ fi ń wọn òjò ní ẹ̀yìnkùlé ń sọ iye tó kéré sí ti aládùúgbò yín, pé bí yìnyín (snow, èyí tó rí bí òwú) bá sì bọ́, ohun tó ń wọnú rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Atẹ́gùn ni olè yẹn. Ó ń gbé ẹ̀kán òjò kọjá lórí ẹnu ike, ti yìnyín ló sì burú jù nítorí ó fúyẹ́. Ẹ má gbé ike sórí òrùlé. Bí ilé tàbí igi bá fi mítà 5 ga ju ike lọ, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i tó mítà 10.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ àrọ ẹnu ike àti ọ̀pá oníhò inú rẹ̀, tí a fi ń ka iye omi, sílẹ̀. Tó bá dá, ẹ gbé ike wọlé, ẹ fi ọ̀pá yẹn wọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ká ní mìlímítà 10, kí ẹ dà á sórí yìnyín. Nígbà tó bá yọ́ tán, ẹ wọn gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ 16, 6 ni ti ojú ọ̀run. Ẹ má lo omi híhó o! Òun ló la ike tèmi.

Ti jíjìn yìnyín, pákó tí a kùn ní ọ̀dà funfun ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gbá a mọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ CoCoRaHS, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó ń wọn òjò àti yìnyín, tó bẹ̀rẹ̀ ní Colorado ní Amẹ́ríkà ní 1998 lẹ́yìn omíyalé ìlú Fort Collins, sábà máa ń kà á ní aago 7 àárọ̀.

Ibo gan-an ni aládùúgbò yín gbé tirẹ̀ sí?