Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Bí Ehoro Kan Bá Ń Ṣàìsàn, Ṣé Kí Ìkejì Náà Lọ Rí Dókítà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ehoro méjì ni àwọn ọmọ mi ń sìn nílé wa ní Àjàṣẹ́, abo ni méjèèjì, ìyá kan náà ló bí wọn. Wọn kì í jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń sùn. Ọ̀kan nínú wọn ń da itọ́, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ kì í gbẹ, a sì rò pé eyín ni. Àwọn kan ní kí n gbé òun nìkan lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, pé kí n má fi wàhálà ọ̀nà da èyí tí ara rẹ̀ dá láàmú. Kí lẹ rí sí i? — *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Àjàṣẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ, Ìyá wa, nínú àpótí kan náà.

Òórùn ni ehoro fi ń dá ìkejì rẹ̀ mọ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nìkan lọ, yóò gbé òórùn oògùn bọ̀, òórùn ọṣẹ apakòkòrò, òórùn ọwọ́ dókítà àti ti ajá tí wọ́n tọ́jú ṣáájú rẹ̀. Èyí tó wà nílé á gbọ́ òórùn náà, á sì ka ọmọ ìyá rẹ̀ sí àlejò tó já wọ ilé onílé. Wọn á máa lé ara wọn po, irun á máa tú, eyín á sì ya etí tàbí ìdí. Àwọn tó ti jọ gbé fún ọdún mélòó kan lè má rẹ́ mọ́ nítorí ìrìn àjò ààbọ̀ ọjọ́. Bí wọ́n bá jọ lọ, òórùn kan náà ni wọ́n jọ máa gbé bọ̀.

Ìdí kejì kò kéré. Ehoro tí ẹ̀rù bà kì í jẹun, èyí tí kò bá sì jẹun, ìfun rẹ̀ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bí wákàtí 12 bá kọjá tí kò jẹ, tí kò sì yàgbẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Èyí tó bá rí ìkejì rẹ̀ tó ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sábà máa ń bá a jẹ díẹ̀. Ẹ sì rántí pé oúnjẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ: bí eyín ọ̀kan bá ti gùn jù, ó yẹ kí dókítà wo ẹnu ìkejì náà, kó sì wọ̀n ọ́n.

Àpótí oníke líle tó ṣeé ṣí lókè ló dára jù. Kó tó fún àwọn méjèèjì láti dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n sì lè yí padà, àmọ́ kó má fẹ̀ débi tí wọn yóò máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sí i, torí ike lásán a máa yọ̀, ẹ kó koríko gbígbẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjì sí i, kẹ́ ẹ sì mú ìwọ̀nba yúnyun tàbí ewé ànàmọ́ dání fún ìgbà tí wọn yóò padà. Bí ó bá jẹ́ zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, lẹ máa gùn, ẹni tó jókòó lẹ́yìn ni kó gbé àpótí lé itan. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Ooru ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù lójú ọ̀nà. Ehoro kì í làágùn bíi tiwa. Etí rẹ̀ ló fi ń tú ooru jáde. Tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá 30°C, ewu ti wà, ẹ̀yin náà sì mọ bí oòrùn Èrèlé sí Igbe ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ jáde. Ẹ fi aṣọ wé ìgò omi dídì kan, kẹ́ ẹ tì í sí igun kan nínú àpótí, kí àwọn fúnra wọn lè sún mọ́ ọn tàbí kí wọ́n sá fún un. Bí etí bá gbóná gan-an, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí omi ń rin imú rẹ̀, ẹ fi omi tútù pa etí rẹ̀. Ẹ má rì í sínú omi yìnyín o.

Ẹ má febi pa á kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Ajá ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, nítorí ajá lè bì. Ehoro kì í bì, ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e pẹ̀lú ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, torí bí ó bá tàpá láìsí ohun tó gbé ìdí rẹ̀ dúró, ó lè ṣẹ́ egungun ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má sì fi àlùmọ́gàjí èékánná gé eyín iwájú rẹ̀: eyín náà á là sókè wọ gbòǹgbò. Lẹ́yìn oògùn oorun, ẹ má dá a padà sọ́dọ̀ ìkejì títí tí yóò fi gbé orí sókè, tí yóò sì lè jókòó gírígírí.

Bí wọ́n bá ń bu ara wọn jẹ nínú àpótí, ẹ fi wáyà oníhò kéékèèké pín in sí méjì. Bí ọ̀kan bá lóyún tí ó kù díẹ̀ kó bí, kó dúró nílé. Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí ọ̀kan dá lọ, ẹ mú aṣọ tí ó dùbúlẹ̀ lé padà wá, kẹ́ ẹ fi nu àwọn méjèèjì lára, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú yàrá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ mú ìgbálẹ̀ dání láti fi là wọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ là wọ́n, torí wọ́n á gé yín jẹ.

Ìbéèrè: A fẹ́ tẹ akọ ehoro wa lọ́dàá, nítorí abo rẹ̀ ti ń bí jù. Ṣé wọ́n lè jọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? — *Òǹkàwé kan, Kétu*

Ìdáhùn: Rárá. Àtọ̀ tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè fún abo lóyún títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí pàápàá lè lóyún lọ́jọ́ náà gan-an, oyún náà kì í sì ju bí oṣù kan lọ. Nítorí náà, ẹ gbé àgò wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àlàfo bí ìka méjì wà láàárín wáyà méjèèjì kí wọ́n má baà bu ara wọn nímú. Lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ koríko tí wọ́n sùn lé, ti akọ sọ́dọ̀ abo, ti abo sọ́dọ̀ akọ, kẹ́ ẹ sì máa gbé oúnjẹ àwọn méjèèjì sí ibi tí wọ́n ti ń rí ara wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, àjèjì kọ́ ni wọn yóò ka ara wọn sí.

Ẹ gbé abo náà dání lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, àmọ́ nínú àpótí tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ehoro ń gùn, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Pọbẹ́ pàápàá.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú ehoro wa kú. Ṣé kí a tètè gbé òkú náà kúrò kí ìkejì má rí i? — *Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó rí i, fún wákàtí kan sí mẹ́ta. Èyí tó bá gbóòórùn òkú ìkejì rẹ̀ máa ń fi í sílẹ̀. Èyí tí kò rí i lè máa wá a kiri, kó sì kọ oúnjẹ. Ẹ ṣọ́ ohun tó ń jẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé òjijì ló kú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nímú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ẹran kíá. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ehoro lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ó sì jà gan-an ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ní 1995. Nínú irú ọ̀ràn yìí, dókítà ni kó wá sílé yín. Ẹ má gbé ìkejì wọ ibi tí ehoro ẹlòmíràn wà, kẹ́ ẹ sì ri òkú náà mọ́lẹ̀ jìn.

Ìbéèrè: Èépá dúdú kún etí ehoro wa kan, ó ń mi orí. Ti ìkejì mọ́. Ṣé kí n gbé méjèèjì lọ? — *Òǹkàwé kan, Ṣábẹ̀ẹ́*

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Kòkòrò kékeré tó ń fa èépá yìí ti lè wà ní etí ìkejì kó tó hàn sí ojú. Ẹ má ṣí èépá náà: yóò ṣẹ̀jẹ̀, yóò sì dùn ún gan-an. Bí oògùn bá ti pa kòkòrò, èépá á já fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ivermectin ni dókítà sábà máa ń fún un, wọ́n á sì tún un fún un lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14.

Ẹ má fi ojú wọn oògùn náà nílé. Ìgò tí wọ́n ṣe fún màlúù ní mílígírámù 10 nínú mílílítà kan. Ehoro oníkílò méjì kò nílò ju bíi mílílítà 0.04 sí 0.08 lọ, abẹ́rẹ́ ńlá kò sì lè wọn èyí dáadáa. Àwọn oògùn eégbọn ajá tó ní fipronil lè pa ehoro. Ẹ má kàn án sí i lára rárá. Amoxicillin tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, torí ó ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun tó ń bá a da oúnjẹ.

Kòkòrò etí yìí lè wà láàyè fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí lára ẹran. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kìíní, ẹ kó gbogbo koríko àgò jáde kẹ́ ẹ sun ún, ẹ fọ àgò náà pẹ̀lú omi gbígbóná, kẹ́ ẹ sá a sí oòrùn, kẹ́ ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ kejì.