Kànga Tó Sún Mọ́ Sókàwéè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé. Kànga wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí sókàwéè tí aládùúgbò wa gbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni omi náà ti ń rùn díẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Mo máa ń da álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè tòrò, lẹ́yìn náà ni mo máa ń sè é. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wàrà inú agolo ni ọmọ náà sì ń mu. Ǹjẹ́ mo lè fi omi yìí po wàrà rẹ̀? — Ìyá àgbà kan, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, láti òní lọ, ẹ má ṣe fi omi kànga yẹn po wàrà ìkókó náà mọ́, bí ẹ tilẹ̀ ti sè é. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdọ̀tí sókàwéè máa ń kó wọ inú omi, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni agbára iná sì ká.

Èyí tí iná ká ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Bí omi bá hó dáadáa, wọ́n á kú. Álọ́ọ̀mù kì í pa wọ́n ní tirẹ̀. Ẹrẹ̀ ló ń kó jọ kí ó lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà omi tó tòrò lè ṣì kún fún àrùn. Ní ọdún 1854, nígbà tí onígbáméjì ń pa àwọn ènìyàn ní ìlú London, Dókítà John Snow tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street, nígbà tí wọ́n sì wá hú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí ihò ìdọ̀tí àtijọ́ kan tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga náà. Bẹ́ẹ̀ omi ibẹ̀ mọ́ lójú, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tí iná kò ká ni náítíréètì, òun gan-an ni mò ń bẹ̀rù fún ọmọ náà. Láti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ti ń wá: nínú ilẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ di amóníà, lẹ́yìn náà ni àwọn kòkòrò inú erùpẹ̀ yóò sọ amóníà yẹn di náítíréètì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí erùpẹ̀ kò sì lè dá dúró bí ó ti ń dá àwọn kòkòrò àrùn dúró. Bí ẹ bá ń sè é, omi ni yóò gbẹ, náítíréètì á ṣẹ́ kù, á sì ki sí i. Mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Nínú ara ìkókó, ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di èyí tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, tí ètè àti èékánná ọmọ yóò máa ṣú bí aró, ewu náà sì tún ń pọ̀ sí i bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kò tó. Mítà 30 ni a máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wà láàárín kànga àti ihò ìdọ̀tí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì jẹ́ ilẹ̀ olókùúta tí omi lè gba inú ìlà àpáta kọjá láìsí erùpẹ̀ tí yóò sẹ́ ẹ. Lásìkò òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ga sókè dé ìsàlẹ̀ sókàwéè; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ló fa òórùn yẹn.

Ọmú ìyá ló dára jù fún ọmọ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì sè é. Àwọn àgbà ilé lè máa mu omi kànga tí a ti sè fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tètè dé ilé ìwòsàn. Ẹ fi sùúrù pe aládùúgbò yín, kí àwọn àgbà àdúgbò sì wà níbẹ̀, nítorí pé sókàwéè náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá da oògùn sínú kànga nígbà tí ó ṣì ń jò sí i, owó yín ni ẹ ń fi ṣòfò.

Ẹ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí yín, àwọn onímọ̀ nípa omi wà. Ẹ ní kí wọ́n wá kòkòrò inú ìgbẹ́ àti náítíréètì, àti òjé àti mẹ́kúrì, àwọn irin olóró, pẹ̀lú, nítorí góòlù tí wọ́n ń wà ní agbègbè yín. Ẹ gba ìgò lọ́wọ́ wọn, ẹ má fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé e, kí ẹ sì fa omi náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ óò gbé e lọ, kí yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn.