Ṣé Williams tí wọ́n rí ní London, Williams tiwa ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mo ti ń kọ̀wé. Williams là ń jẹ́ nílé wa, wọ́n ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni bàbá ńlá wa ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London wá rí Williams kan nínú ìwé ìkànìyàn 1881 níbẹ̀, ó ní ẹbí wa ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè rí tiwa nínú ti Nàìjíríà náà?

Ìdáhùn: Ẹ rọra ná. Williams pọ̀ ní London bí àgbọn ṣe pọ̀ l'Ágbádárìgì. Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n já wọn sí Freetown ní Sàró, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba orúkọ òyìnbó nígbà ìrìbọmi, torí ẹ̀ Williams méjì lè wà, ọ̀kan Ẹ̀gbá ọ̀kan Ìjẹ̀bú, wọn ò sì bára tan rárá. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó gbàgbé ti orúkọ ná, kó wo ibi tí wọ́n kọ pé wọ́n bí ọkùnrin yẹn sí. Tó bá jẹ́ Wales, ọ̀rọ̀ parí, àwọn ló ni Williams. Kó má sì wo ìwé ìkànìyàn 1841 tiwọn fún ọjọ́ orí o, ẹni 39 wọ́n lè kọ ọ́ sí 35, bí wọ́n ṣe ń gé e fún àgbàlagbà nìyẹn. Ti 1931 ní tiẹ̀, iná jó o.

Ti Nàìjíríà, ẹ má wulẹ̀ wá a. 1963 o, 1991 o, 2006 o, iye orí èèyàn nìjọba gbé jáde, kì í ṣe orúkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lọ. 1842 ni Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì, CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, dé ní 1845, ẹ bẹ àlùfáà kó jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó tó bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn náà dáa, àmọ́ ẹ mú sùúrù dání. Ẹ wo ojú sàréè àti ìwé ilẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú.

Orúkọ ìdílé gan-an ò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Èmi àti ọmọ àbúrò bàbá mi ò jẹ́ sọ́néèmù kan náà, torí tíṣà kọ orúkọ bàbá wọn fún bàbá mi, nígbà tó kan àbúrò ẹ̀ ó lọ kọ ti bàbá àgbà, ó sì ti lẹ̀ mọ́ wa lára bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀ lọ Ìbàdàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó dàgbà jù nílé yín pé oríkì wo ni wọ́n fi ń kí yín láàárọ̀, ẹ gbà á sórí fóònù lóṣù yìí.